Ẹja Ẹ̀pẹ́ Kì Í Ṣe Ẹja Èpè

Inú ṣì máa ń bí mi tí mo bá rántí ẹ̀rín tí wọ́n rín ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹja yíyan ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ń tà níbẹ̀. Òun ló tọ́ mi dàgbà, Màámi ni mo sì ń pè é. Nígbà tí ìwé ò lọ mọ́, mo kó wá sí Ìkòròdú láti máa tún rédíò ṣe, mo sì sọ káfè kan nítòsí gáréèjì di ilé kejì. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe wẹ́bùsáìtì. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Màá ṣí ti ẹlòmíràn, màá wo kóòdù ẹ̀, màá jí díẹ̀ níbẹ̀ sínú tèmi, màá wá wò ó bóyá gbogbo ẹ̀ máa dàrú.

Díẹ̀ díẹ̀ ni mò ń tún èyí tí mo ṣe fún ẹja Màámi ṣe. Lónìí, mo yí àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ padà. Nígbà tí mo tún rówó san fún káfè, mo sún fọ́tò Màámi sápá òsì kó yé bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo kọ sórí fọ́tò náà ni: Ẹja Ẹ̀pẹ́ ló dára jù.

Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò mọ lẹ́tà tó ní àmì. "?ja ?p?" ló gbé jáde, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ò dá ara ẹ̀ lójú.

Bọ̀ọ̀dá tó ni káfè yọjú láti ẹ̀yìn mi. "Yọ gbogbo àmì wẹ́wẹ́ yẹn kúrò jàre. Ta ló ń ka àmì?"

"Yorùbá ni mo kọ, sà."

"Ṣé àwọn Yorùbá ò mọ ohun tí wọ́n ń kà ni?"

Ó ti sú mi, mo bá yọ ọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi yọ ọ́. EJA EPE LO DARA JU wá jókòó sórí fọ́tò Màámi.

Ọmọkùnrin kan wà tí ìsọ̀ ìyá ẹ̀ kọjú sí ti Màámi, yunifásítì ló wà. Ó tẹ ojú ìwé náà jáde, ó gbé e wá sọ́jà, ó gbóhùn sókè bí akọ̀ròyìn: "Ẹ gbọ́ o! Ọmọ wọn ní ẹja èpè ló dára jù!"

Èpè! Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀pẹ́ ni ìlú tí wọ́n bí i sí, ó mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa. Ọjà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ẹlẹ́ja Èpè ni wọ́n ń pe Màámi. Wọ́n ní àwàdà ni. Ṣé oníbàárà tó ti òkèèrè wá, tó gbọ́ èpè mọ́ ẹja, á dúró bèèrè ibi tí àwàdà ti bẹ̀rẹ̀? Á rọra gba ìsọ̀ ẹlòmíràn lọ ni.

Nígbà tí mo lọ kí Màámi, kò pariwo.

"Orúkọ tí mo fi gbogbo ayé mi tọ́jú, lẹ́tà lo fi bà á jẹ́."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mo máa tún un ṣe."

"Tí wọ́n bá ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀ títí di Iléyá, má wá bá mi ṣọdún." Ó yíjú sí ẹja tó ń yan.

Mo bínú nínú ọkọ̀ títí a fi dé Ìkòròdú. Mo bínú sí ọmọ yunifásítì tó ṣe bí akọ̀ròyìn yẹn, mo bínú sí oníkáfè. Mo bínú sí àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ráyè fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀, tí wọn ò ráyè fi orúkọ ìlú wa sí i. Ìbínú sí ara mi ló pẹ́ jù nínú mi.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣèèṣì ṣí wẹ́bùsáìtì àwọn ará Fiẹtinámù. Àfi bí mo ṣe rí ẹ àti ọ, tàmì-tàmì, tí wọ́n dúró dáadáa! Ta ló gbé lẹ́tà wa débẹ̀? Mo wo kóòdù ẹ̀. Wọn ò kọ ẹ rárá. ẹ ni wọ́n kọ. Kọ̀ǹpútà á gba nọ́ńbà yẹn, á sì gbé ẹ jáde.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ ṣe orí ìwé, mo tún wá ṣe èyí tó wà lórí fọ́tò. Àwọn ará ibẹ̀ ò ní ṣ, mo fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Tí mo bá fi àmì ohùn lé ẹ lórí, àpótí kékeré kan ló ń yọ, mo fi ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹja Ẹpẹ. Ó kéré tán, kò sẹ́ni tó lè ka ìyẹn ní èpè.

"O ṣì ń to àmì?" oníkáfè bi mí.

"Mo ṣì ń tò ó, sà." Mi ò wojú ẹ̀.

Nígbà tí Iléyá ku díẹ̀, mo gbé ojú ìwé tuntun tí mo tẹ̀ jáde lọ sọ́jà. Akọ̀ròyìn ti gba ìsinmi wálé. Màámi pè é.

"Máa bọ̀. Kà á sókè bí o ṣe kà á níjọ́sí."

"Ẹja Ẹ̀pẹ́ ló dára jù."

"Wọn ò gbọ́ ẹ lọ́hùn-ún."

Ó tún un kà. Obìnrin kan ké láti ìdí ẹja tútù: "Èpè wá dà?"

"Ó ti padà sọ́dọ̀ ẹni tó kà á!" Màámi dáhùn. Ọjà tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí ojú akọ̀ròyìn ló ń wálẹ̀. Màámi wá fi ìwé náà di ẹja ńlá kan, ó gbé e fún un pé kó mú un lọ fún ìyá ẹ̀. Ọmọ náà nawọ́ gbà á!

"Màámi, òun lẹ fún lẹ́ja?"

"Òun ló kà á. Ta ló yọ àmì ẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Mo bá a to ẹja tó kù.

"Tètè dé lọ́jọ́ ọdún," ló wí. "Ìwọ lo máa di àgbò mú."