Odó Tí Mo Wọ́ Síta

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé mi ṣánlẹ̀ nínú kíláàsì, dókítà ní kí n lọ sinmi, kí n má ṣe iṣẹ́ agbára kankan. Mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìsàn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sinmi. Èmi ni mo ń bójú tó ìdánwò ní ẹ̀ka wa ní yunifásítì, ọ̀pọ̀ ló sì ń wo àga yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣàìsàn lọ́dọ̀ wa, ọ̀gá a máa gbé málítì àti búrẹ́dì lọ kí i nílé. Ó dára létí. Ọ̀gá wa tẹ́lẹ̀ ló bà á jẹ́. Ẹni tó bá bá lórí ibùsùn, á padà wá káàánú rẹ̀ níbi ìpàdé: "Ó ti rẹ̀ ẹ́ o, ẹ jẹ́ kó sinmi." Kí aláìsàn tó dé, wọ́n ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí ọ̀gá tuntun pè pé òun ti dé Ayédé nítòsí wa, òun ń bọ̀ wá kí mi. Ẹ̀rín ọkùnrin náà ti pọ̀ jù fún mi tẹ́lẹ̀. Ta ní ń béèrè àlàáfíà òṣìṣẹ́ láràárọ̀ lásán?

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ se iṣu tán. Mo wọ́ odó síta, mo gbé ọmọ odó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gún iyán.

"Fi uyán yẹn sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ kú ni?"

"Màmá, ẹ jẹ́ kó bá mi lórí ìdúró."

Òógùn ti bò mí, ojú mi ti ń ṣú, kí mọ́tò rẹ̀ tó dúró. Ó wò mí, ó wo odó.

"Mà, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ agbára."

"Ara ti yá, sà."

Ó bọ́ kóòtù, ó gba ọmọ odó, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó, ṣùgbọ́n n kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Mo ń wá ohun tó máa lọ sọ fún wọn.

Kò gún un jìnnà tó fi dúró. Ó di etí odó mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó yọ páálí oògùn kan nínú àpò, ó ju ẹyọ kan sẹ́nu. Mo mọ páálí yẹn. Irú rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ìyá mi sáré gbé omi wá. Ọ̀gá mu ún tán, ó wá ń fi ojú tí mo fi ń wò ó wò mí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ọ́fíìsì."

Mo ní wọn ò ní gbọ́. A jọ jẹ iyán oníkókó yẹn.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí, wọn ò sì gba àga mi. Láràárọ̀, ọ̀gá á yọjú sí mi: "Mà, ṣé àlàáfíà ni?" Mo máa ń dáhùn pé àlàáfíà ni. Èmi náà á bi í, òun náà á ní àlàáfíà ni. N kò tíì mọ̀ bóyá inú rere ló ń gbé e wá, tàbí ó ń wá wò bóyá mo ti tú àṣírí. Ó ń dùn mí. Nínú gbogbo ọ́fíìsì yẹn, àwa méjì la mọ bó ṣe ń ṣe wá, àwa méjì náà la sì ń ṣọ́ ara wa jù.