Ìmọ́lẹ̀ Inú Abà Gàrí

Jẹnẹrétọ̀ wa kú ní Òkè-Ọ̀dàn lọ́jọ́ tí a fẹ́ ya ìran tí gbogbo fíìmù náà rọ̀ mọ́. Kò bàjẹ́, epo ló tán. Ìjọba ti ti bọ́dà nígbà náà, wọn kò sì jẹ́ kí bẹntiróòlù dé àwọn ilé epo agbègbè wa mọ́. A wá a dé Ìlaròó, kẹ́ẹ̀gì òfìfo la gbé padà.

Iṣẹ́ tèmi ni ìmọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fíìmù ìfẹ́ ni mo máa ń wò, màá dá àwòrán dúró, màá yẹ ojú òṣèré wò láti mọ ibi tí iná ti ń bọ̀. Bí òjìji imú bá ṣubú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni iná wà. Bí ìmọ́lẹ̀ kékeré bá ń dán nínú ẹyin ojú, ẹnìkan ló mọ̀ọ́mọ̀ fi í síbẹ̀. Ojú tí kò bá ní in, bí ojú òkú ló ń rí.

Fíìmù wa dá lórí ọmọbìnrin kan tó ń yan gàrí, àti olólùfẹ́ rẹ̀ tó wà ní òdìkejì bọ́dà. Nínú ìran yìí, ọkùnrin náà gba inú igbó kọjá, ó yọ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kò ní sọ̀rọ̀ rárá, ojú ni yóò sọ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bùkọ́lá, tó ń ṣe ọmọbìnrin náà, gbọ́dọ̀ padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀gbọ́n Láńre, olùdarí wa, ní kí a di ẹrù; òun yóò yọ ìran náà, ẹnìkan yóò kàn ròyìn pé wọ́n ti ríra.

"Ẹ̀gbọ́n, ìfẹ́ tí wọ́n ròyìn kọ́ làwọn èèyàn ń bọ̀ wá wò," ni mo wí. "Oòrùn wà lókè."

"Oòrùn kì í gbàṣẹ lọ́wọ́ èèyàn o."

"Kì í mu epo náà."

Mo kọ́kọ́ fi páànù ìbolé tuntun kan darí oòrùn gba ojú fèrèsé wọ inú abà gàrí tí a ti fẹ́ ya ìran náà. Àṣìṣe gbáà ni. Ìmọ́lẹ̀ náà le, Bùkọ́lá ń ṣẹ́jú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n sunkún ìfẹ́ lẹ fẹ́, àbí ẹ fẹ́ fọ́ mi lójú?"

Màmá Rísì, tó ni abà náà, wá yá mi ní dígí gbọọrọ inú yàrá rẹ̀ àti aṣọ funfun kan. Mo ta aṣọ náà mọ́ ògiri inú abà, mo bọ́ síta pẹ̀lú dígí. Dígí gba oòrùn, ó jù ú sára aṣọ, aṣọ sì rọra fọ́n ọn sójú Bùkọ́lá bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀. Màmá fẹ́ paná abẹ́ agbada kí èéfín má baà yọ wá lẹ́nu. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa yan gàrí rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ihò ìṣó pọ̀ lára páànù àtijọ́ tí wọ́n fi bo abà náà. Gbogbo ibi tí oòrùn ti ń yọ́ wọlé, èéfín ló sọ ọ́ di ohun tí ojú rí, tín-ín-rín, bí òwú tí wọ́n ta láti òkè dé ilẹ̀.

Oòrùn kì í dúró lójú kan, nítorí náà ẹni tó di dígí mú kò gbọdọ̀ gbójú kúrò. Bí mo ṣe pàdánù ìran náà nìyẹn. Láti inú oòrùn tí mo wà, inú abà ṣókùnkùn lójú mi. Aṣọ funfun yẹn nìkan ni mo ń rí. Mo gbọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Láńre ní "Ó yá," gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́. Nígbà tó yá, òórùn gàrí tó ń jóná gba fèrèsé jáde.

Mo sáré wọlé nígbà tí wọ́n parí. Ẹ̀gbọ́n Láńre ń nujú, ó ní èéfín ni. Màmá Rísì dúró ti agbada, awẹ́ igbá tó fi ń ro gàrí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìfẹ́ yín ti jó gàrí mi," ló wí. "Mo gbàgbé rírò. Bí ọmọ yẹn ṣe wo ọkùnrin náà ni mo ṣe wo Bàbá Rísì lọ́jọ́ tó ti Kútọnu dé."

Nígbà tí fíìmù parí, a fi í hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Ìlaròó. Mo ti kọ̀ láti wò ó ṣáájú. Ẹ̀gbẹ́ Màmá Rísì ni mo ti fẹ́ kọ́kọ́ wò ó. Ìran yẹn dé. Òwú ìmọ́lẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ọwọ́ Bùkọ́lá, eruku gàrí ń fò nínú rẹ̀ bí wúrà lẹ́búlẹ́bú. Ọkùnrin náà wọlé. Bùkọ́lá gbójú sókè, iná kékeré sì tàn nínú ẹyin ojú rẹ̀. Ẹnìkan fa imú lẹ́yìn wa.

Màmá Rísì fọwọ́ tọ́ mi. "Ilé ta nìyẹn?"

"Ilé yín ni, Màmá. Abà gàrí yín."

Ó wò ó títí ìran náà fi kọjá. Ó wá rọra sọ pé, "Rísì fẹ́ pààrọ̀ páànù òrùlé yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màá ní kó fi í sílẹ̀."

Mo ti tan iná ńláńlá láti ìgbà náà, èyí tó ń mu epo bí ọtí, wọ́n sì ti yìn mí. Kò tíì sí èyí tó wú mi lórí tó òrùlé tó ń jò yẹn.