Gbólóhùn Tí Mo Yí Padà Létí Aṣálẹ̀

Bí oòrùn bá mú gan-an ní Thamesmead nílùú òyìnbó níbí, òórùn eruku máa ń jáde lára kọnkéré àwọn ilé àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé mi. Ìwọ náà ti gbé ibí pẹ́, o mọ̀ ọ́n: ó dà bí ìgbà tí èèyàn bu omi díẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ tó ti gbẹ. Ẹlòmíràn á ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. Èmi máa ń ti tèmi ni, nítorí òórùn yẹn gan-an ló wà nínú ìlú kan tí mo wọ̀ nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ìlú tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́ láti ìgbà pípẹ́.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo kà. Olùkọ́ wa àgbà gbà pé àwọn baba ńlá àwa Yorùbá ti gbé ní ìlú kan létí aṣálẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí gúúsù. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀rí kan ṣoṣo ló kù ú kù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ará Aṣálẹ̀. Nígbà tó fẹ́ lọ wá ẹ̀rí náà, èmi ló mú dání, nítorí Kano ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, mo sì gbọ́ Háúsá. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan nínú lọ́rì oníyọ̀, a gúnlẹ̀ sí abúlé kan, baba àgbàlagbà kan níbẹ̀ sì mú wa lọ sí ahoro ìlú náà.

Mi ò tíì rí ibi tó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Iyanrìn ti kún inú yàrá dé ojú fèrèsé. Ògiri ṣì dúró, ipa ìka àwọn tó rẹ́ ẹ sì wà lára rẹ̀, ìka tẹ́ẹ́rẹ́, bóyá ti obìnrin. Lẹ́nu ọ̀nà ilé kan, ọlọ wà nílẹ̀, ọmọ ọlọ wà lórí rẹ̀, bí ẹni pé ẹni tó ń lọ nǹkan kàn dìde láti lọ wo ọmọ tó ń sunkún ni. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé à ń dí àwọn onílé lọ́wọ́.

Olùkọ́ wa bọ́ bàtà. Ó dúró síwájú ilé yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ń wọnú àwọn yàrá lọ, ó sì ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé àwọn kan ń gbà á láti yàrá dé yàrá.

Baba tó mú wa lọ jókòó sórí iyanrìn, ó ń wò ó. Ó bi mí pé, "Kí ni ọ̀gá rẹ ń sọ?"

"Ó ń kí àwọn baba rẹ̀."

"Àwọn baba ta ni?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ mi obìnrin ló ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ni ọlọ yẹn. Kànga wọn ló gbẹ, gbogbo wọn sì kó wá sí abúlé wa. Kò sí ẹnì kan tó lọ sí gúúsù. Sọ fún un."

Olùkọ́ wa yíjú sí mi, omi ti wà lójú rẹ̀. "Kí ni Bàbá wí?"

Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ náà ni wọ́n ṣe tọ́ mi. Ta ni yóò wo ojú àgbà tó bọ́ bàtà, tó ń sunkún, kó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀? Mo ní, "Wọ́n ní àwọn kan lọ sí gúúsù, sà. Wọn ò mọ ibi tí wọ́n dé."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn. Baba náà wò ó, ó wò mí. "Ṣé o sọ fún un?" Mo ní mo ti sọ. Ó dìde, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu iyanrìn kúrò lórí ọlọ náà.

Gbólóhùn mi wọ inú ìwé olùkọ́ wa. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ará Aṣálẹ̀ mọ́ títí ó fi kú. Mo máa ń sọ fún ara mi pé àánú ni mo ṣe.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ọmọ mi obìnrin wá kí mi. Wọ́n ní kó bá àwọn ọmọdé ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Woolwich sọ̀rọ̀ nípa orírun wa. Ibí ni wọ́n bí i sí. Kì í rántí láti fi "ẹ" pè mí, mi ò sì bá a jà lórí ìyẹn mọ́.

"Grandpa, wò ó nínú fóònù mi. Ìlú yìí la ti wá. Ọmọ ìlú yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó wà nínú ìwé."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Àbí o wà níbẹ̀ ni?"

"Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà mi ti dé. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ tán, ó da ojú fóònù náà dé orí tábìlì. Mo rò pé yóò bi mí pé níbo wá la ti wá. Kò bi mí bẹ́ẹ̀.

"Kí ni orúkọ màmá tó ni ọlọ yẹn?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò bi baba náà. Orúkọ ọ̀hún wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìbéèrè kan péré ló kù kó sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú olùkọ́ mi ni mò ń wò.

Ọmọ náà yọ ìlú yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá àwọn ọmọdé sọ. Kò bá mi wí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè pe ohun tí mo ṣe ní àánú mọ́, mi ò sì lè sọ pé ọ̀wọ̀ àgbà ló fà á. Àgbà méjì ló wà pẹ̀lú mi nínú ahoro yẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bọ̀wọ̀ fún, kì í sì í ṣe òun ló ni àwọn òkú ibẹ̀.