Kọ̀ǹpútà Tí Mo Gbé Pamọ́ sí Bódìjà

Láàárín àwọn ọdún 1990, mo ní kọ̀ǹpútà kan tí ìyàwó mi máa ń pè ní orogún rẹ̀. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà fún ènìyàn ní Dùgbẹ̀. Ẹ̀rọ ìwádìí ni, irú èyí tí àwọn yunifásítì òkè òkun ń lò fún ìṣirò tó wúwo. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti gba oyè ọ̀mọ̀wé fẹ́ dà á nù nítorí pé ó ti dàgbà; èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi, mo sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé pẹ̀lú àwọn ìwé mi. Bí mo bá tan án, á kọ́kọ́ kùn, á dákẹ́, á wá máa hó bí ìkòkò tí omi rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, kí lẹ́tà dúdú tó máa jáde lójú rẹ̀ tó funfun. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, mo sì ń rí kọ̀ǹpútà tí kò nípọn ju ìwé orin lọ lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ mi. Kò sí èyí tó ń kùn nínú wọn.

Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà ló ṣe pàtàkì. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wọn omi inú kàǹga ní Agbowó, Bódìjà àti Ṣàngó, ní Ìbàdàn. Lóṣooṣù, màá gbé okùn tí mo ti sàmì sí lára, màá so òkúta mọ́ ọn nídìí, màá máa kan ilẹ̀kùn kiri: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wo kàǹga yín.” Mo fẹ́ mọ ibi tí omi ń sá lọ lábẹ́ ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn ènìyàn yé gbẹ́ kàǹga síbi tí yóò gbẹ mọ́ wọn lójú. Iṣẹ́ ayé mi nìyẹn. Inú ìwé pélébé ni mo kọ́kọ́ ń kọ nọ́ńbà sí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ̀ wọ́n sínú ẹ̀rọ tán, ìyá tó ń dín àkàrà lẹ́nu géètì wa ni mo ń kó ìwé náà fún, kó fi wé àkàrà. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, ìdí àkàrà ló ń parí sí. Ikán ló ń jẹ ìwé. Mo gbà pé kò sí ohun tó lè jẹ ẹ̀rọ.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, olùkọ́ ìmọ̀ ìṣirò, tí a jọ gbé yàrá kan nígbà tí a jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bàbá Ìbejì ni mo ń pè é. Òun ń pè mí ní Oníkàǹga. Ọmọ Ìbàdàn ni, èmi sì jẹ́ ará Èkìtì, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí a kì í fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí ìbejì, èmi ni mo gbé ìyàwó rẹ̀ dé ilé ìwòsàn, nítorí òun ń gbọ̀n, kò lè wa ọkọ̀.

Lọ́dún kan, àwa olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì, mo kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí Èkìtì láti lọ dáko. Ilé wa ní Agbowó yóò ṣófo, àwọn olè sì ń yọ fèrèsé nígbà náà bí ẹni yọ eyín tó ti mì.

Bàbá Ìbejì ní, “Gbé orogún ìyàwó wa wá sọ́dọ̀ mi ní Bódìjà. Irin wà lójú fèrèsé mi, mo sì ní ajá.”

“Ajá rẹ tó máa ń sá fún adìyẹ?”

“Adìyẹ nìkan ló ń sá fún. Kì í sá fún ará Èkìtì.”

Oṣù mẹ́rin ni ẹ̀rọ náà fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ parí tí a padà dé, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e wá, wọ́n ti fi aṣọ ibùsùn wé e bí ọmọ tuntun. Ìyàwó mi fà mí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Dádì, ẹ ò ní tan án wò kí wọ́n tó lọ?”

Ojú tì mí. Mo ní, “Ta ló ń tú ẹrù yẹ̀ wò lójú ẹni tó bá ni tọ́jú rẹ̀? Ṣé olè ni mo gbé e fún?”

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá ọ pa nǹkan mọ́, ọpẹ́ lo máa dú, o kì í ka nǹkan náà lójú rẹ̀ bí ẹni ń ka ewúrẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní, “Dìde jàre, ará oko.” A mu máltì, ó lọ.

Nígbà tí mo tan án lọ́jọ́ kejì, ó kùn, ó dákẹ́, kò sì hó. Ìlà kan péré ló kọ sójú rẹ̀, pé nọ́ńbà ìdánimọ̀ òun kò tọ̀nà mọ́. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní nọ́ńbà kan tó jẹ́ bí orúkọ rẹ̀, bí kò bá rántí rẹ̀, kò ní ṣe iṣẹ́ kankan. Mo ránṣẹ́ sí Bàbá Ìbejì. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ka ìlà náà, ó rẹ́rìn-ín.

“Oníkàǹga, ẹ̀rọ rẹ ti gbàgbé orúkọ bàbá rẹ̀.”

“Oṣù mẹ́rin ní ilé ọmọ Ìbàdàn, kí ló ṣe tí kò ní gbàgbé?”

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi jọ wà lórí rẹ̀. Bó bá ti parí kíláàsì, á yà lọ́dọ̀ mi. A pààrọ̀ sitabiláísà. A yọ okùn iná kọ̀ọ̀kan, a nu ẹnu rẹ̀, a fi í padà. A ṣí ìdérí, a fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku jáde. Èmi ni mo ń tẹ orí bọ̀ ọ́, òun ló máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi. Dísìkì tí gbogbo nọ́ńbà mi wà nínú rẹ̀ wà ní igun, nínú àpótí irin kékeré tirẹ̀. N kò fọwọ́ kàn án, nítorí kò sí ìdí láti rò pé ibẹ̀ ni àrùn wà. Ìyàwó mi, tó ń lọ sí ìjọ Aládùúrà, bu omi àdúrà wá nínú ìgò. Mo ní kó má kan ẹ̀rọ o, èmi ni kó wọ́n ọn sí. Bàbá Ìbejì ní kó wọ́n ọn sí òun náà. Ó sì tẹrí ba, ó ṣe àmín.

Inú ìwé atọ́nà ni mo ti rí i níkẹyìn. Bátìrì kan ló ń bá ẹ̀rọ náà rántí orúkọ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ rì sínú nǹkan dúdú kékeré kan tó lẹ́sẹ̀ púpọ̀ bí ọ̀kùn. Bí wọn kò bá tan ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́, bátìrì náà á kú. Kò sẹ́ni tó ń ta irú rẹ̀ ní Ìbàdàn. Mo wá ránṣẹ́ pe Ẹńjíníà, bàbá àgbà kan tó ń tún rédíò ṣe ní Agbowó, tí kò rí irú ẹ̀rọ náà rí ṣùgbọ́n tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun tó bá ti ní wáyà nínú. Ó fi ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ha ẹ̀gbẹ́ nǹkan dúdú náà títí ó fi rí irin méjì tó ń dán, ó sì fi òjé jó bátìrì aago mọ́ wọn. Mo tẹ nọ́ńbà náà padà, láti ara ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ náà dárúkọ ara rẹ̀!

Mo pariwo, Ẹńjíníà náà pariwo. Bàbá Ìbejì pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó ní, “Jẹ́ kó sinmi lónìí ná. Má tíì sáré.”

Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣàánú. Mo pàṣẹ fún un kó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó kùn, ó dákẹ́, ó wá kọ ọ́ pé òun kò rí ohunkóhun kà lórí dísìkì.

“Àrá ni,” ni Bàbá Ìbejì wí. “Àrá kan sán ní Bódìjà nígbà tí ẹ wà lóko, ajá mi wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

“Kí ni ká ṣe?”

“Ẹnì kan wà ní Èkó tó mọ iṣẹ́ yẹn. Ṣáà má fọwọ́ kan dísìkì yẹn o. Bí eruku kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, ó parí.”

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ eruku yẹn. Òótọ́ ló fi bo irọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni Ẹńjíníà padà wá mú ayùn rẹ̀ tó gbàgbé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo igun ibi tí dísìkì wà, ó wò ó pẹ́.

“Ọ̀gá, ta ló ti tú ibí yìí kí n tó dé ọjọ́ yẹn?”

“Kò sẹ́nì kankan.”

“Ẹnì kan ti tú u, sà. Ẹ wo orí sikúrù. Irin tó tóbi jù ú lọ ni wọ́n fi tú u, ó ti bó.”

A tú u. Sikúrù mẹ́rin ló dè é. Mo tún wọn kà. Èmi fúnra mi ni mo de dísìkì mi mọ́ ibẹ̀ lókè òkun, sikúrù mẹ́ta ni mo sì fi dè é, nítorí ìkẹrin já bọ́ lọ́wọ́ mi tí n kò rí i mọ́. Mo yí dísìkì náà padà. Ọ̀dà funfun wà lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà. Ní yunifásítì wa, gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀ ló ń fi ọ̀dà kọ àmì sára nǹkan wọn, láti orí àga dé orí fáànù, kí wọ́n má baà jí i. Àmì ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò ni mo ń wò.

Ẹńjíníà ti mú ayùn rẹ̀. “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ló wí, ó sì lọ. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá kúrò nílé òkú.

Nígbà tí mo dé Bódìjà, Bàbá Ìbejì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń máàkì ìwé. Mo gbé dísìkì náà lé orí ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

“Ẹ káàsán, sà.”

“Oníkàǹga, èmi lò ń pè ní sà?”

“Nǹkan ẹ̀ka ìmọ̀ yín ni mo dá padà, sà. Àmì wà lára rẹ̀.”

Ó wò ó. Ó fi bírò sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó, n kò jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó ń bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó ní òun ń wá iṣẹ́ sí òkè òkun, wọ́n sì fẹ́ rí ìwádìí tuntun lọ́wọ́ òun. Ó ní kò sí ẹni tó ní irú nọ́ńbà tí mo ní. Ó tú dísìkì mi, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀ kí wọ́n dà á kọ fún òun. Wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tiwọn, tí kò mọ èdè tèmi. Kọ̀ǹpútà náà bi wọ́n bóyá kí òun tún dísìkì yìí ṣe bí tuntun. Oníṣọ́ọ̀bù ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́.

“Ìṣẹ́jú kan, Oníkàǹga. N kò tíì la ẹnu tí ó fi tẹ̀ ẹ́.”

Ó fi dísìkì ẹ̀ka ìmọ̀ wọn dí àyè tèmi, ó sì fi tèmi ránṣẹ́ sí Èkó, bóyá wọ́n lè rí nǹkan yọ nínú rẹ̀, kí n tó mọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni èsì dé pé kò sí ohun tó kù. Mo rò ó padà. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó wá sílé mi, ó di tọ́ọ̀ṣì mú fún mi.

Mo ní, “Ká ní o bi mí ni, màá fún ọ. Èmi fúnra mi ni màá tẹ̀ wọ́n jáde fún ọ.”

“Mo mọ̀.”

“Kí ló wá dé tí o kò bi mí?”

“Ká ní mo bi ọ́, orúkọ ẹni méjì ni ì bá wà lórí ìwé ìwádìí náà.”

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀ láyé. Mo ti sin àwọn òbí mi, mo ti sin ìyàwó mi. Kò sí èyí tó dún sí mi létí bẹ́ẹ̀ rí. Ti nọ́ńbà, oníṣọ́ọ̀bù ló ṣèèṣì. Mo ti dárí ji ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi ń dúró lẹ́yìn mi, tí ó ń tan iná síbi tó mọ̀ pé kò sí nǹkan, tí ó ń ṣe àmín, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń dárí ìyẹn ji ènìyàn.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Omi ọdún mẹ́fà kò ṣeé padà lọ wọ̀n. Èyí tó wà nílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn nìkan ló kù fún mi. Kàǹga àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyá àgbà kan ní Agbowó, tó ti ń jẹ́ kí n wọn tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Olùkọ́, ẹ tún dé? Mo rò pé ẹ ti wọn kàǹga yìí tó.”

“Mo fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ni, Mà.”

“Gbogbo èyí tí ẹ ti ń kọ láti ọjọ́ yìí wá ńkọ́?”

“Mo gbé e fún ẹnì kan kó bá mi tọ́jú ni.”

“Háà! Ẹni náà kú?”

“Rárá, Mà. Bódìjà ló ń gbé.”

Ó wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti páànù kúrò lẹ́nu kàǹga, mo sì ju okùn sí i.