Àwọn Agogo Dígí Honorine

Àárẹ̀ Honorine kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun ń gbé lọ. Bó bá sùn, àárẹ̀ náà á sùn tì í; bó bá jí, á ti jí ṣáájú rẹ̀, á ti gba orúnkún rẹ̀ méjèèjì jókòó. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nígbà tó wà ní ọmọge ní Bobigny lẹ́bàá Párísì sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ó máa ń kọrin lẹ́nu iṣẹ́. Orin wo ni kó wá máa kọ báyìí? Obìnrin tó ń ṣí dígí láàárọ̀, tó ń pa á dé nírọ̀lẹ́, ní gbogbo ìgbà òtútù láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Àwọn ará Párísì ò mọ̀ ju kí wọ́n rí ẹ̀fọ́ létúsì jẹ nígbà tí yìnyín ṣì wà lórí òrùlé. Wọn kì í béèrè ibi tó ti wá. Orí imí ẹṣin ló ti wá. Imí ẹṣin tí a bá kó láti ìlú la fi ń kọ ebè gígùn, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ooru á máa ru jáde nínú rẹ̀. A ó da ilẹ̀ dúdú lé e, a ó gbin létúsì sí i, a ó sì fi dígí bo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agogo là ń pe dígí náà, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Lálẹ́, a ó tẹ́ ẹní pòròpòrò lé e lórí kí òtútù má wọlé. Láàárọ̀, a ó ká ẹní náà kúrò kí ìmọ́lẹ̀ lè débẹ̀. Gbogbo ìyẹn ò le. Oòrùn ló le. Oòrùn ìgbà òtútù ò tó láti fi gbẹ aṣọ, àmọ́ kó bọ́ sórí dígí tó wà ní pípadé, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jinná bí ẹ̀fọ́ inú ìkòkò. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti yọjú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa lọ láti orí agogo dé orí agogo, kó gbé etí rẹ̀ kan sókè, kó sì fi ọ̀pá kékeré eléhín gbè é lẹ́sẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Bí ìkùukùu bá tún ṣú, kó padà lọ pa gbogbo rẹ̀ dé. Bẹ̀rẹ̀, nàró, bẹ̀rẹ̀, nàró. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn Honorine bá lọ.

Gédéon ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́, ikọ́ ló pa á. Ẹni tó kù fún un lẹ́nu iṣẹ́ ni Anselme, ẹ̀gbọ́n Honorine ọkùnrin kan ṣoṣo, tí ògiri kan péré pààlà oko rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀. Anselme ò láya, kò bímọ. Bó bá ti ṣí dígí tirẹ̀ tán, á gba ẹnu ọ̀nà ara ògiri wọlé, kò ní kí i, kò ní retí kí wọ́n kí òun, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ti àbúrò rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì, wọn á pàdé láàárín. Bí Honorine bá ní ó ṣeun, Anselme á ní, “Ta ló ṣe tìẹ? Létúsì ni mo ṣe é fún.”

Honorine ní ọmọkùnrin kan, Aubin, ọmọ dáadáa, alágbára. Òun ló ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ sọ́jà Párísì, tó sì ń kó imí ẹṣin bọ̀. Àmọ́ ibi tí Aubin ti lọ fẹ́ ìyàwó ló dá họ́ùhọ́ù sílẹ̀. Láàárín wa, ọmọ olóko dígí ni ọmọ olóko dígí ń fẹ́, torí iṣẹ́ yìí, inú ilé la ti ń bá a dàgbà. Aubin lọ fẹ́ Sidonie, ọmọ alágbàfọ̀ etí odò ní Pantin. Ọmọbìnrin náà láyọ̀, ọwọ́ rẹ̀ pupa nítorí omi àti ọṣẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan. Ọ̀sẹ̀ tó wọlé gan-an, ó fẹ́ ran ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó lọ gbé agogo kan tí yìnyín ti lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa mọ̀ pé a máa ń dúró kó tú fúnra rẹ̀ ni. Òun fà á. Ó fọ́. Ó fa èkejì, ìyẹn náà fọ́.

Honorine ò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn. Ó kó àfọ́kù náà sínú ápírọ́ọ̀nù, ó ní, “Ìyàwó, láti òní lọ, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dígí mi.” Sidonie ní òun gbọ́, Màmá, ó sì ṣe bó ṣe gbọ́. Ó ń fọ kárọ́ọ̀tì, ó ń dáná, ó ń di létúsì sínú apẹ̀rẹ̀, ó ń gbé ẹní pòròpòrò, àmọ́ bó bá dé ẹ̀gbẹ́ dígí, á kó ọwọ́ sẹ́yìn. Anselme rí i. Lọ́jọ́ kan ó bi àbúrò rẹ̀ pé ìgbà wo ló fẹ́ kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Honorine ní ìgbà tí òun bá ráyè. Anselme ní, “Ìwọ tí o ò ráyè torí pé o ò ní olùrànlọ́wọ́, o tún ń dúró kí o ráyè kí o tó kọ́ olùrànlọ́wọ́. Honorine, orí ẹ le.” Honorine bẹ̀rẹ̀ síbi dígí tó kàn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òun náà mọ òwe yẹn. Àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́ ju ẹni tó ń fi ẹ̀sọ̀ mú nǹkan lọ.

Oṣù kejì ọdún yẹn ni Anselme ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Honorine sunkún bí ẹni tí wọ́n yọ òpó ilé rẹ̀. Láàárín ẹkún náà, dígí kò dúró dè é. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó ń ṣí, ó ń pa dé, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí dígí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ojú ọ̀run wú, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò sí àmì oòrùn níbì kankan. Honorine ká ẹní kúrò, ó wo òkè, ó fi gbogbo dígí sílẹ̀ ní pípadé. Ní ọjọ́ mìíràn, ì bá fi ọ̀pá gbé wọn díẹ̀ kó tó jáde nílé, ìkùukùu yòówù kó wà. Olóko dígí kì í gbẹ́kẹ̀ lé òfuurufú. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ̀, ọkàn rẹ̀ náà kọ̀. Aubin wà lára àwọn tó máa gbé pósí. Ìyàwó ló kù tó máa ṣọ́lé. Honorine so gèlè dúdú mọ́rí, ó ní kí Sidonie máa lé ajá, kó máa wo afẹ́fẹ́. Ó dé ẹnu géètì, ó tún yíjú padà, ó ní, “Má sì fọwọ́ kan dígí o.”

Wọ́n ń kọrin òkú lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó tẹ́ gbọọrọ sórí pósí Anselme. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe olóko, ẹ̀ bá ní ọ̀run ló ń kí òkú káàbọ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló mira. Orí yí sí ojú fèrèsé, bàtà ń ha ilẹ̀, àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Fadá wa, tó ti pẹ́ láàárín wa, wo fèrèsé, ó sì fo ìwàásù. Ìyá Basile, aládùúgbò Honorine, tẹ̀ síwájú láti ẹ̀yìn, ó bi í wúyẹ́wúyẹ́ pé ta ló fi sílé. Honorine ní ìyàwó Aubin ni.

“Ṣé ó mọ̀ ọ́n ṣí?”

Honorine tẹjú mọ́ ìmọ́lẹ̀ tó wà lórí pósí. Ìyá Basile fà sẹ́yìn, ó ń gba àdúrà kíkankíkan, bóyá fún òkú ni, bóyá fún létúsì ni, èmi ò lè sọ.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Létúsì àkọ́so ló ń bọ́ ilé náà títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá kú, kò sí òmíràn tó lè dé ọjà kí ti àwọn tó kù tó pọ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹ̀wẹ̀, láàárín wa, ẹni tó bá sún mọ́ òkú jù lọ ló ń kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i, lẹ́yìn fadá. Anselme ò láya, kò bímọ. Àbúrò rẹ̀ yìí nìkan ló ní.

Wọ́n dé itẹ́ òkú, oòrùn ti mú. Ó gbóná lórí gèlè dúdú Honorine, ó sì mọ̀ ní orí ara rẹ̀ bó ṣe ń gbóná lábẹ́ dígí. Aubin di okùn pósí mú pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yòókù, wọ́n ń rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó fi ojú bi í bóyá kí òun sáré lọ. Báwo ló ṣe máa lọ? Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Honorine wo ihò náà, ó wo òkè, ó tún wo ihò. Fadá ṣì ń kàwé. Honorine ní sínú, “Anselme, dárí jì mí,” ó kẹ́yìn sí ibojì, ó sì ń lọ. Gbogbo èèyàn yà fún un.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í gbà kó gun àtẹ̀gùn ló fi ń sáré lójú ọ̀nà olókùúta yẹn. Ó ń sáré, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń bínú: sí oòrùn, sí Aubin tó lọ fẹ́ ọmọ alágbàfọ̀, sí Anselme tó lọ kú nígbà iṣẹ́. Ó ti rí létúsì náà lójú inú, tó rọ, tó rí bí àkísà tútù.

Nígbà tó ṣí géètì, ẹní pòròpòrò ló rí. Wọ́n bo ebè láti orí dé ìdí, ní ọ̀sán gangan, bí ẹni pé ilẹ̀ ti ṣú. Níbi tí ẹní tó wà nítòsí ò kárí, wọ́n fi aṣọ ìbùsùn funfun bo ìyókù, èyí tí Sidonie gbé wá láti ilé ìyá rẹ̀. Sidonie fúnra rẹ̀ dúró láàárín, irun rẹ̀ kún fún pòròpòrò, òógùn bò ó.

“Ta ló ní kí o bò wọ́n lọ́sàn-án?” Ohùn Honorine fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

“Kò sẹ́ni tó ní kí n bò ó, Màmá. Oòrùn mú, mo rí omi tó ń ṣàn nínú dígí, ẹ̀rù bà mí. Ẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án. N ò fọwọ́ kàn án. Ẹní ni mo fọwọ́ kàn.”

Honorine kúnlẹ̀, ó ká ẹní kan sẹ́yìn, ó gbé agogo tó wà lábẹ́ rẹ̀. Létúsì náà wà níbẹ̀, ó tutù, ewé rẹ̀ nà ṣánṣán. Ó gbé òmíràn. Ó yè. Ìlà kan ní ìpẹ̀kun, tí aṣọ ò dé, nìkan ló rọ. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìdùnnú náà, nǹkan kan gún un láyà tó fi di etí ebè mú. Kò sí ohun tó sáré wá gbà là níbí. Ká ní ó dúró, létúsì á yè bákan náà.

“Mo fi Anselme sílẹ̀ lẹ́nu ihò,” ló wí. “N ò da erùpẹ̀ sí i.”

Sidonie bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, “Ẹ padà lọ, Màmá. Ẹ ṣì máa bá wọn níbẹ̀.”

Honorine tú àpò ọ̀pá eléhín tó wà ní ìbàdí rẹ̀, àpò tí kì í kúrò lára rẹ̀ láti ìgbà òtútù dé ìgbà òtútù, ó gbé e fún un. Ó mú ọ̀pá kan, ó gbé etí agogo kan sókè, ó fi ọ̀pá náà gbè é lẹ́sẹ̀. “Afẹ́fẹ́ ń ti ibẹ̀ yẹn bọ̀. Apá ibí ni kí o ṣí. Rọra gbé e. Bí o bá fọ́ ọ, o fọ́ ọ náà nìyẹn.” Ó dìde, ó tún jáde. Kò wẹ̀yìn.

Àárín ọ̀nà ló ti pàdé àwọn tó lọ sìnkú, tí wọ́n ń padà bọ̀ síbi oúnjẹ òkú, Aubin níwájú, erùpẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló dà á dípò ìyá rẹ̀. Wọ́n dúró. Honorine ń retí kí wọ́n bá òun wí, bóyá ìyẹn ì bá tù ú lára. Kò sẹ́ni tó bá a wí. Olóko ni gbogbo wọn. Ìyá Basile di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í pẹ̀lú àánú, “Ṣé wọ́n yè?”

“Wọ́n yè.”

“Ìyẹn dáa,” ni gbogbo wọn ń wí, “ìyẹn dáa,” wọ́n sì ń kọjá lọ. Aubin fẹ́ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀, Honorine fi ọwọ́ dá a dúró.

Ihò náà ti dí. Ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀ ń fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ orí rẹ̀ kó dọ́gba. Honorine bẹ̀rẹ̀, ó bu erùpẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó kún ọwọ́ rẹ̀.

“Màmá, a ti bò ó tán,” ni ọkùnrin náà wí jẹ́jẹ́. “Ó ti kún.”

“Mo rí i. Tèmi ló kù.”

Ó dà á sí i. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú aṣọ dúdú rẹ̀ tó dáa jù, oòrùn ń lọ wọ̀, àkókò àtipa dígí dé ń kọjá, kò sì dìde.