Ẹ́ńjìnnì Páálí Tí Wọ́n Fẹ́ Fọ̀ ní Manigri

Láti ọjọ́ tí takísì tí mo wọ̀ ti já kúrò lójú títì lọ́nà Alédjo, tí wọ́n fà mí gba ojú fèrèsé jáde, n kì í wọ ohunkóhun tó ní ẹ́ńjìnnì mọ́. Bí mo bá ń lọ sí Basila, kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn, màá sì sọ̀ kalẹ̀ wọ inú koríko bí mo bá gbúròó ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́yìn. Àwọn ará Manigri ní mo ń ṣe bí ìyàwó tuntun. N kò bá wọn jiyàn. Ìyàwó tuntun kì í kú sójú títì.

Ohun tí kò yé wọn ni pé èmi yìí kan náà ló jókòó sábẹ́ igi kajú, tó ń fi páálí kọ́ ẹ́ńjìnnì. Ti ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ ni, irú èyí tí sìlíńdà rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tò yípo bí ọmọ tó jókòó yí àwo oúnjẹ ká. Inú ìwé kan ni mo ti rí àwòrán rẹ̀. Ohun tó bá gùn tó apá lára ti gidi, mo dín in kù títí ó fi tó ìka. Fún sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, mo gé páálí ní róbótó-róbótó, mo tò ó léra, mo fi àyè sílẹ̀ láàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá. Ìyẹ̀fun gbàgúdá tí mo sè títí tó fi ki ni mo fi lẹ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí kò lè gbé ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan.

Olùkọ́ kan ní Basila gbọ́, ó ní òun yóò fi mọ́tò wá gbé e láàárọ̀ Jimọ́, kí àwọn ọmọ kíláàsì òun lè rí i. Mo ní kí ó gbé ẹ́ńjìnnì nìkan.

Kí ó tó dé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dé pẹ̀lú garawa omi àti ìgò sódabì, ògógóró wa, ìdajì àdúgbò tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ wa, a kì í lo ẹ̀rọ tuntun láìfọ̀ ọ́. A fọ fíríìjì kan rí títí iná inú rẹ̀ fi kú. Wọ́n ní orí rẹ̀ ni kò dára.

"Bàbá, páálí ni. Bí omi bá kàn án, ó di ẹ̀kọ."

"Ẹ́ńjìnnì tí a kò fọ̀, ẹ̀jẹ̀ ni yóò mu. Ìwọ ló yẹ kó mọ̀ jù."

"Takísì tó fẹ́ pa mí ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́."

"A fọ̀ ọ́ dáadáa!"

Aládùúgbò mi tó ń tún alùpùpù ṣe bú sẹ́rìn-ín. "Dáadáa kẹ̀? Ẹ fọ awakọ̀ mọ́ ọn! Ta ló mu ìyókù ìgò lọ́jọ́ yẹn?"

Bàbá bu omi. Mo sáré fi ara bo ẹ́ńjìnnì mi, omi náà dà sí mi lẹ́yìn. Ó wò mí, ó ronú, ó sì da ìyókù garawa lé mi lórí.

"Ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì ti gba omi fún un. A ti fọ̀ ọ́."

Ìgbà yẹn ni olùkọ́ dé. Àmọ́ ẹni tó bá wá sí Manigri kì í lọ lọ́wọ́ òfo: kò pẹ́, iṣu tí wọ́n kó fún un ti kún ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀ dé òrùlé.

"Ẹ jẹ́ ká gbé e lé orí iṣu," ó ní.

"Kí ó fọ́?"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e lé itan nìyẹn, ẹ̀gbọ́n."

Mo wo Bàbá. Bàbá ń wo òkè. Mo wo aládùúgbò mi. Ó ní àwọn oníbàárà òun ń dúró. Gbogbo àwọn tó ti ń pè mí ní ìyàwó tuntun wá rántí oko wọn.

Mo wọ iwájú mọ́tò, omi ń kán lára mi. N kò lè di ilẹ̀kùn mú, torí ọwọ́ mi méjèèjì wà lára ẹ́ńjìnnì.

"Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra wà á."

"A ò tíì ṣí, ẹ̀gbọ́n."

Nígbà tí a ṣí, mo fẹ́ dijú. Àmọ́ ẹni tó bá dijú kò ní rí kòtò, kòtò kan ṣoṣo sì tó láti tú sìlíńdà mẹ́sàn-án ká. Mo la ojú mi sílẹ̀ dé Basila, mo ń pariwo, "Kòtò! Kòtò!"