Máìkì Ìyàwó Wa

Àbúrò mi ni Etí-Ehoro. Etí rẹ̀ tóbi láti kékeré, ó sì ń gbọ́ ohun tí àwa kì í gbọ́. Bí ìlẹ̀kùn bá dún, ó mọ irin tó ń fẹ́ epo níbẹ̀. Rádíò ló kọ́kọ́ ń tún ṣe. Nígbà tó yá, wọ́n fi í sídìí ẹ̀rọ ohùn ní gbọ̀ngàn tí ẹgbẹ́ akọrin ti ń kọrin. Èmi ni mo kan tábìlì tí ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀. Kò mì.

Máìkì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Níbẹ̀, èèyàn lè dín ohùn tó ń gún etí kù, kó sì bu kún èyí tó ń dún nísàlẹ̀. Lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń yí wọn. Tuntun dé. Ó lè ṣe ti ẹnì kan, kó dà á kọ sí ti àwọn yòókù, kó sì so gbogbo wọn pọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ náà dé ni àbúrò mi so máìkì àwọn obìnrin pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti di ọmọ ìyá kan náà. Ẹ na ọ̀kan, gbogbo wọn á sunkún."

Mo ní kó má na ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyàwó rẹ̀ wà nínú akọrin. Orin kan wà tí òun nìkan máa ń dá. Nídìí orin yẹn ni àbúrò mi ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó wà lórí àkàsọ̀, ó ń so sípíkà mọ́ ògiri, ó gbàgbé ìṣó sẹ́nu. Èmi ni mo ní kó tu ú.

Àìsàn ọ̀fun wá mú ìyàwó wa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ohùn há. Ìyá tó ń darí akọrin, tí a ń pè ní Nọ́ọ̀sì nítorí iṣẹ́ tó fẹ̀yìn tì nínú rẹ̀, pè é.

"Ọmọ mi, màá gbọ́ ẹ ní Sátidé. Bí ohùn bá ya, màá gbé orin náà fún ẹlòmíì. Má bínú sí mi."

Ìyàwó wa kò bínú. Ó kàn dẹ́kun orin kíkọ nídìí abọ́ fífọ̀. Àbúrò mi ni kò lè fara dà á.

Ní Sátidé, ó tètè mú un lọ sí gbọ̀ngàn, ó ní kó kọrin díẹ̀ kí òun fi dán máìkì wò. Ó gé ibi tó há kúrò, ó bu ìsàlẹ̀ kún un. Ohùn náà jáde, ó jọ̀lọ̀. Ìyàwó wa yọ̀, ó rò pé ohùn òun ló ti padà. Ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ó ti gbàgbé pé òun so máìkì àwọn obìnrin pọ̀. Ohun tó ṣe fún ìyàwó rẹ̀ ti lọ sára gbogbo obìnrin.

Akọrin dé. Àwọn ọmọbìnrin la ẹnu, wọ́n ń dún bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò.

"Etí-Ehoro!" Nọ́ọ̀sì pariwo. "Ta ló ju àwọn ọmọ mi sí kànga?"

"Ìṣòro díẹ̀ ni, Mà."

"Díẹ̀ kọ́! Mo ń gbọ́ omi!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó wa. Ó wo máìkì ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó rìn wá sídìí tábìlì.

"Kí lẹ fi sí ohùn mi?"

"Díẹ̀ ni."

"Ṣé àánú mi lẹ ń ṣe ni?"

"Ohùn rẹ ni mò ń wá."

"Òun nìyí lẹ́nu mi. Ẹ tú àwọn ọmọ yìí sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì yọ gbogbo ohun tẹ́ ẹ fi sí tèmi."

Ó tú wọn, ó yọ ọ́. Ìyàwó wa padà, ó dá orin náà. Ó há. Níbi tó ti gòkè, ó ya. Kò dúró, ó kọ ọ́ parí.

Nọ́ọ̀sì yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

"Èmi ni mo gbé orin yìí ga jù," ó ní. "Bẹ̀rẹ̀ níbi tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ẹ̀yin yòókù, ẹ lọ bá a níbẹ̀."

"Mà, ìsàlẹ̀ yẹn á jìn fún wa," ọmọbìnrin kan ní.

"Ṣebí inú kànga lẹ ti ń bọ̀."

Ìyàwó wa ló ṣì ń dá orin náà. Àbúrò mi tún so máìkì àwọn obìnrin pọ̀, ó yọ ti ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kan án. Nílé, bí ìyàwó rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ orin nídìí abọ́, àbúrò mi máa ń pa rádíò.